ỌJỌ́ TÍ IṢẸ́ KAN ẸNI: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ẸGBẸ́ ỌLỌ́KỌ̀ ONÍGBÒKUN

  

Nígbà tí akọ̀wé wa béèrè ohun tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo ní ọkọ̀ onígbòkun ni, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe eré àwọn òyìnbó olówó nìyẹn?" Mo ní kó ní sùúrù, pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, pé ọkọ̀ ni n ó kàn fi gùn dé ibẹ̀. Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ẹgbẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gbowó oṣù lè pẹ́, ó sì lè dára, bí gbogbo ẹni tó wọ inú rẹ̀ bá gbà pé ọjọ́ kan ń bẹ tí iṣẹ́ yóò kan òun fúnra rẹ̀. Mo rí i lójú mi láàárín ọdún 2009 sí 2017, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

IRÚ ỌKỌ̀ WO, IRÚ ẸGBẸ́ WO?

Ọkọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ ńlá oníyàrá tí à ń rí nínú fíìmù. Dinghy ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kò ní òrùlé, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Òpó kan dúró nínú rẹ̀, ìgbòkun so mọ́ òpó, ìtọ́kọ̀ wà ní ìdí, pátákó pẹlẹbẹ kan sì wà tí a máa ń tì bọ omi láti inú ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ẹni tó bá ti dé etí ọ̀sà Èkó, tàbí tó ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn, á ti rí ọkọ̀ igi tí wọ́n rán àpò pọ̀ ṣe ìgbòkun fún. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn yẹn ń fi tiwọn wá, eré ni àwọn tí mo bá lọ́hùn-ún ń fi tiwọn ṣe, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbé wọn. Ní Èkó náà, Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932.

Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ ga ju agbára òṣìṣẹ́ lásán lọ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí i padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Mirror. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ló gbé e jáde ní ọdún 1963. Jack Holt tó ń ya àwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell tó máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n jọ gbèrò rẹ̀. Pátákó plywood tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rà á á fi wáyà bàbà rán àwọn pátákó náà pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ, á wá fi gọ́ọ̀mù lílekoko dí ojú ìránpọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni ọ̀pọ̀ ti kan tiwọn. Owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ pọ́n-ùn 63 àti ṣílè 11. Ó ju 70,000 irú rẹ̀ tí wọ́n ti kàn. Ìgbòkun rẹ̀ máa ń pupa, ẹ ò lè rí i kí ẹ má mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ wà létí adágún omi kan tí ìjọba ṣe fún omi ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, plọ́ńbà àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí òṣìṣẹ́. Bí koríko bá hù, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń tún un ṣe. Àwọn ni wọ́n ń se tíì, àwọn ni wọ́n ń ṣírò owó, àwọn náà ni wọ́n ń kọ́ ọmọdé. Royal Yachting Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1875, ló ń la ọ̀nà ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, tó sì ń fún àwọn olùkọ́ ní ìwé ẹ̀rí.

BÍ MO ṢE WỌLÉ

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ló mú ìwé kan bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù karùn-ún. Ẹgbẹ́ náà ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ Sátidé kan: ẹ wá, ẹ wọ ọkọ̀ wò, ẹ ò ní san nǹkan. A lọ. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Optimist, tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà méjì lé díẹ̀ lọ. Clark Mills ló ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọdé Clearwater, ní Florida, ní ọdún 1947, ó sì ti di ọkọ̀ àwọn ọmọdé jákèjádò ayé. Nígbà tí ọmọ náà fi máa gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Apá kìíní béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì. Apá kejì béèrè àìsàn tí ènìyàn ní àti ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Apá kẹta ló yà mí lẹ́nu: "Iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Mo kọ iṣẹ́ iná mànàmáná síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi wà lórí àkàbà, tí mò ń pààrọ̀ wáyà ilé ìdáná wọn. Owó ọdún tí a san fún gbogbo ìdílé kò tó ohun tí mo ń san fún ìnṣọ́ránsì mọ́tò mi. Ìdí tí owó náà fi kéré kò ṣòro láti mọ̀: ọwọ́ wa ni wọ́n fi dí ìyókù.

Wọ́n tún béèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo lè wẹ̀ díẹ̀, irú ìwẹ̀ ọmọ etí odò. Wọn kò lé mi padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa lọ sí ibi ìwẹ̀ ìlú ní ìgbà òtútù. Mo lọ. Láàárín àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ni mo ti kọ́ ọ, àwọn ìyá wọn sì ń wò mí. Ẹ̀yin àgbà, ojú kì í ti ẹni tó ń kọ́ ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

OHUN TÍ À Ń KỌ́ LÓRÍ OMI

Ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń bọ̀ gan-an, bí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ ní láti gba ọ̀tún lọ díẹ̀, kí ẹ yí ọkọ̀, kí ẹ gba òsì lọ díẹ̀, kí ẹ tún yí i. Ẹni tó bá ń kánjú, tó kọrí ọkọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ojú kan ni yóò dúró sí, ìgbòkun rẹ̀ á sì máa pa pápápá.

Ẹ̀kọ́ kejì ni dídojú dé. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti wẹ̀ lọ sí etíkun, nítorí ọkọ̀ léfòó jù yín lọ, ó sì rọrùn láti rí jù yín lọ. Ẹ wẹ̀ yí i ká, ẹ gun orí pátákó tó yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ara wúwo lé e, òpó á sì gbéra nílẹ̀ omi. Ìgbà àkọ́kọ́, àyà mi já. Ìgbà kẹwàá, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Ìdíje náà ń bẹ, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ oríṣiríṣi ni, àwọn kan yá, àwọn kan ò yá. Báwo ni wọ́n ṣe ń bára wọn díje? Wọ́n ní ìlànà kan tó ń jẹ́ Portsmouth Yardstick. Oríṣi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bó bá ṣe ń falẹ̀ tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wọ́n á mú àkókò tí ẹ lò, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, wọ́n á fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín pín in. Nọ́ńbà ọkọ̀ Laser sún mọ́ 1,100, ti Mirror sún mọ́ 1,390. Bí Laser bá lo ìṣẹ́jú 55, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n á kọ fún un. Bí Mirror bá wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 69 àti ààbọ̀, 50 náà ni wọ́n á kọ fún un. Nípa báyìí, ọmọdé inú ọkọ̀ àtijọ́ lè lu ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun. Ohun tí kálukú gbé wá ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìdíje tó lè wáyé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú òtútù pẹ̀lú aago àti pẹ́ńsù. Ẹni náà kò ní ṣeré lọ́jọ́ yẹn.

ỌJỌ́ TÍ IṢẸ́ KAN MÍ

Ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni iṣẹ́ ń kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: lágbájá ni yóò ka aago, làkáṣègbè ni yóò wà ní ilé ìdáná, tàmẹ̀dù àti ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà. Ẹni tuntun kì í dá iṣẹ́ ṣe, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń so ó pọ̀ mọ́. Bí ọ̀nà kò bá gbà ẹ́, o lè bá ẹlòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ìdóòlà, ọkọ̀ kankan kò ní kúrò ní èbúté, ì báà jẹ́ ti Alága.

Ọkọ̀ ìdóòlà ló ní ẹ́ńjìnnì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nínú rẹ̀ ni okùn pupa kan, tó ká bíi wáyà tẹlifóònù àtijọ́. Orí kan rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, orí kejì wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣubú, okùn á já kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ní Padstow, ní ìpínlẹ̀ Cornwall, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà kan já bọ́ sínú omi láti inú ọkọ̀ ayára-bí-àṣá wọn. Okùn yẹn kò sí lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Ọkọ̀ náà ń yí po fúnra rẹ̀, ó ń padà gba àárín àwọn tó wà nínú omi. Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kú, àwọn tó kù sì fara pa. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti rán létí nínú ẹgbẹ́ wa.

Ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, iṣẹ́ kàn mí. Èmi àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ni a jọ wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà. Oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n omi ṣì tutù bíi yìnyín. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: bí omi bá tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lójijì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè dá èémí rẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú tipiri. Afẹ́fẹ́ ṣàdédé le, ọkọ̀ mẹ́ta dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan ń ké sí wa pé ká wá mú ọkọ̀ òun, nítorí ó ń sún lọ sí ibi òkúta. Lódì kejì, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan di ọkọ̀ rẹ̀ mú, kò pariwo rárá.

Ìlànà wọn ni pé ènìyàn ni à ń kọ́kọ́ gbé, ọkọ̀ á tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó dákẹ́ la wà lọ. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di okùn tí mo jù sí i. A fi ọwọ́ fà á wọlé. Nígbà tí a fi gúnlẹ̀, obìnrin tí iṣẹ́ ilé ìdáná kàn ti dúró létí omi pẹ̀lú kúbùsù, omi gbígbóná sì ti wà lórí iná. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wò wá. Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà jẹ bísíkíìtì mẹ́rin, ó sì béèrè ìgbà tí òun lè padà sórí omi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ kékeré lára iṣẹ́ tó wà lára ògiri yẹn.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ OWÓ

Ní ìpàdé gbogboogbò ọdún kan, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó rí jájẹ mú àbá wá. Ó ní ọwọ́ òun máa ń dí, òun sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Kí ẹni tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ san owó dípò rẹ̀. Inú akápò dùn, nítorí òrùlé ilé ẹgbẹ́ ń jò, kò sì sí owó láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń mi orí pé ó dára.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn dìde. Ó ní òun kò kórìíra owó. Ó ní kí wọ́n sáà dá òun lóhùn ìbéèrè kan: bí gbogbo wa bá san án, ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà? Gbọ̀ngàn náà pa rọ́rọ́. A dìbò, àbá náà ṣubú. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí aláìsàn sinmi, kí àwọn tó ti dàgbà máa ka aago, kí ọwọ́ tó dí wá ẹni tí yóò bá a pààrọ̀. Òrùlé náà jò fún ìgbà òtútù méjì sí i, àwa náà la sì padà gùn ún láti tún un ṣe. N kò ní tàn yín, ó tutù. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún dìbò náà lónìí, bákan náà ni n ó ṣe dìbò.

KÍ LÈYÍ KÀN WÁ NÍHÌN-ÍN?

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ omi. Inú omi la wà ní Port Harcourt yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa àti àwọn ọmọ wa ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí Bonny àti àwọn ìlú ìpadò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ kan tó kún àkúnjù dànù lóru pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú. Ẹ jọ̀wọ́, láìfù jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun à-gbé-lẹ́sẹ̀ tàbí tìmùtìmù à-fi-jókòó. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de okùn rẹ̀ kó fún yín dáadáa. Ẹ tún mọ ìyàtọ̀: èyí tí wọ́n kọ 50 sí lára wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 150 sí ni wọ́n ṣe láti dá ojú ẹni tó dákú pàápàá sókè. Ẹ wo ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ béèrè okùn pupa. Bí ó bá bínú, kó bínú. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ìwẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin.

Ìkejì, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún wọn pé irú ẹgbẹ́ báyìí wà lẹ́bàá ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún níbẹ̀. Wọn kò ní láti ra ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé, ẹgbẹ́ púpọ̀ ní ọkọ̀ tí wọ́n ń yá ọmọ ẹgbẹ́. Kí wọ́n lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n á béèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ìkẹta ló wọ̀ mí lára jù. Kì í ṣe òyìnbó ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Àáró ni. Nínú àáró, bí ẹ bá wá bá mi kọ ebè lónìí, n kò lè fi owó ránṣẹ́ síi yín lọ́la. Oko yín ni n ó wá, tèmi tọkọ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí a jọ làágùn lóko ni a ń mọ̀ délé. Nínú ẹgbẹ́ wa lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, àwọn márùn-ún tàbí mẹ́fà kan náà ló ń to àga, àwọn ló ń dáná, àwọn ló ń bẹ aláìsàn wò, àwọn náà ló ń sùn ní mọ́ṣúárì bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Àwa tó kù ń fi owó ránṣẹ́. Owó dára, ọ̀pọ̀ òkú ni owó yín ti gbé délé. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ àwọn márùn-ún wọ̀nyí, tàbí tí wọ́n bá darúgbó, ta ni yóò wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà?

Àbá mi nìyí. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún. Kí a lẹ orúkọ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn yìí láti oṣù kìíní. Kí a so ọ̀dọ́ kan mọ́ àgbà kan níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ̀ má baà kú mọ́ ẹnì kan lára. Kí ẹni tí kò bá rọgbọ fún wá ẹni tí yóò bá a pààrọ̀. Kí a gbà á wò fún ọdún kan péré, kí a wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò ní irú ọjọ́ òní lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti kọ orúkọ ìdílé tèmi sílẹ̀ fún títo àga ọjọ́ ọdún ìkórè ẹgbẹ́ wa. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, àyè sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Olúwa kò ní jẹ́ kí a rí ikú omi, kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa tú. Ẹni tó wọkọ̀, yóò gúnlẹ̀ láyọ̀.   Àmín.